Nọ́ọ̀bù Tó Ń Dá Yí: Kí Ni Sọ́fítíwíà Orin Ń Gbà Sílẹ̀ Tí A Bá Fọwọ́ Kan Wíìlì, Pẹ́dà àti Nọ́ọ̀bù Kíbọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin kì í yé béèrè. Orin ń lọ geere. Bó ṣe kan ègbè, ohùn fayolíìnì tí wọ́n tò sábẹ́ rẹ̀ á ṣàdédé lọ sílẹ̀. Wọ́n á fi máòsì fa fédà rẹ̀, ìyẹn bọ́tìnì fífà tó ń mú ohùn ga tàbí rẹlẹ̀, sókè, wọ́n á tún un gbọ́, á tún lọ sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Tí wọ́n bá tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á rí nọ́ọ̀bù, ìyẹn bọ́tìnì róbótó tó ṣeé yí, tó ń dá yí láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọlé. Ẹlòmíràn á yọ sọ́fítíwíà náà kúrò pátápátá, á tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló yí nọ́ọ̀bù náà nígbà tí bọ́tìnì pupa ti rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì wà ní títàn. Sọ́fítíwíà gbà á sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ohun tó kọ́kọ́ ń da èèyàn rú ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé ohùn ni kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ máíkì ni, òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ohùn kankan nínú MIDI, ìyẹn èdè tí kíbọ́ọ̀dù orin àti kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tẹ dùrù, ohun tó ń gba inú wáyà kọjá kò ju ìròyìn lọ: èwo lẹ tẹ̀, báwo lọ́wọ́ ṣe le tó, ṣánẹ́ẹ̀lì wo, ìyẹn ojú ọ̀nà wo, ló wà. Tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ìròyìn mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Inú kọ̀ǹpútà ni plugin, ìyẹn ohun-èlò orin tó wà nínú sọ́fítíwíà, ti ń sọ ìròyìn yẹn di ohùn. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè fi ohùn píánò rẹ́kọ́ọ̀dù lónìí, kó yí i sí ohùn fèrè lọ́la láìtún un tẹ̀ rárá.

Ètò yìí ti lé ní ogójì ọdún. Níbi NAMM, ìpàtẹ ohun-èlò orin ní California, ní oṣù kìíní ọdún 1983, wọ́n fi wáyà so kíbọ́ọ̀dù Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dún. Ṣáájú ìgbà náà, kíbọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní 2013, wọ́n fún Dave Smith tó dá Sequential sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi tó dá Roland sílẹ̀ ní Japan ní àmì-ẹ̀yẹ Technical Grammy nítorí iṣẹ́ náà. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó ń yọ wá lẹ́nu lónìí, ìpinnu ọjọ́ náà ló bí i. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára, wọn ò sì fẹ́ kí owó MIDI wọ́n ju ohun tí ilé-iṣẹ́ lè gbé lọ, ni wọ́n bá jẹ́ kí ìròyìn kọ̀ọ̀kan kéré bín-ń-tín. Bit 7 péré (bit ni òǹkà tó kéré jù fún kọ̀ǹpútà, 0 tàbí 1) ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iye kọ̀ọ̀kan, bit 7 kò sì lè kọjá ipele 128, láti 0 dé 127. Nọ́ńbà 127 tí ẹ ń rí káàkiri sọ́fítíwíà orin, ibẹ̀ ló ti wá.

Yàtọ̀ sí dùrù tí ọwọ́ ń tẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn wà lára kíbọ́ọ̀dù: wíìlì méjì lápá òsì, nọ́ọ̀bù, fédà, àti pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í dá dún. Iṣẹ́ wọn ni láti yí ohun tó ń dún padà. Ìròyìn tí púpọ̀ nínú wọn ń fi ránṣẹ́ ni MIDI ń pè ní control change, tí gbogbo ayé ti gé kúrú sí CC.

Ẹ jẹ́ ká wo ìròyìn kan ṣoṣo ní tòsí. Ká ní ẹ ti mod wheel, ọ̀kan nínú wíìlì méjì yẹn, dé ìdajì, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní. Nọ́ńbà mẹ́ta ló jáde: 176, 1, 64. Nọ́ńbà 176 ń sọ pé control change ni, ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní ni. Ká ní ṣánẹ́ẹ̀lì kejì ni, 177 ni ì bá jẹ́, títí dé 191 fún ṣánẹ́ẹ̀lì kẹrìndínlógún. Nọ́ńbà 1 ń sọ pé mod wheel ló ń sọ̀rọ̀. 64 ni ibi tí wíìlì dé. Ó parí. Tí ẹ bá wá ti wíìlì náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kì í ṣe ìròyìn kan ló ń lọ; ọ̀wọ́ ìròyìn ni, 1, 2, 3, 4, wọ́n á máa tẹ̀ lé ara wọn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kì í sọ àkókò tí èyíkéyìí nínú wọn ṣẹlẹ̀. Sọ́fítíwíà ló ń wo aago orin, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí dé ní báà kẹta, èyí dé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún orin náà gbọ́, àwọn nọ́ńbà yẹn kan náà ló ń rọ́ lọ sínú plugin ní àkókò tí wọ́n dé lákọ̀ọ́kọ́, á wá dà bíi pé ọwọ́ yín ṣì wà lórí wíìlì.

Nọ́ńbà CC pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wúlò lójoojúmọ́ kò ju mélòó kan lọ. 1 ni mod wheel. 7 ni fọ́lúùmù. 10 ló ń gbé ohùn lọ sápá òsì tàbí ọ̀tún. 11 ni expression. 64 ni pẹ́dà sustain. Láti 120 dé 127, iṣẹ́ pàtàkì ni wọ́n fi pamọ́ fún, bíi 121 tó ń dá gbogbo controller, ìyẹn àwọn wíìlì, nọ́ọ̀bù àti pẹ́dà wọ̀nyí, padà sí ipò wọn àti 123 tó ń pa gbogbo nóòtì. Àwọn tó kù, ẹni tó ṣe plugin ló sábà ń pinnu ohun tí wọ́n á ṣe.

Ọ̀rọ̀ 7 àti 11 yẹ ká dúró lé lórí, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń mú ohùn ga tàbí rẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Fọ́lúùmù 7 ni bí ohùn yẹn ṣe ga tó láàárín àwọn yòókù nínú orin. Expression 11 ni bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ń gbé e sókè sódò lábẹ́ ààlà tí 7 ti là sílẹ̀. Tí 11 bá wà ní 127, ohùn yóò ga dé ibi tí 7 gbà á láyè. Tó bá wà ní 60, á rẹlẹ̀ sí i. Ní tèmi, ẹ má fi 7 ṣe ìmísí orin rárá. Tí ẹ bá fẹ́ kí fayolíìnì wú bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́, 11 ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ìdí ni pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín gbogbo fayolíìnì náà kù nínú orin, nọ́ńbà kan lẹ máa yí, gbogbo ìwú àti ìsọ̀ rẹ̀ á sì wà bí ẹ ṣe ṣe é. Ẹni tó bá ti fi 7 ṣe méjèèjì pọ̀ kò ní lè fọwọ́ kan ọ̀kan kó má ba èkejì jẹ́.

Pitch bend, ìyẹn wíìlì kejì tó ń fa ohùn sókè tàbí sílẹ̀, kì í ṣe CC o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan náà ni sọ́fítíwíà ń tò wọ́n sí. Ìròyìn tirẹ̀ dá dúró, wọ́n sì so nọ́ńbà méjì pọ̀ nínú rẹ̀ kó lè ní ipele 16,384 dípò 128. Àárín rẹ̀ ni 8,192, níbi tí wíìlì máa ń fò padà sí tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ipele púpọ̀ nítorí pé etí èèyàn tètè ń gbọ́ àtẹ̀gùn nínú ohùn tó ń yọ́ lọ sókè.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń fi gángan tàbí dùndún sínú orin orí kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà nínú plugin ìlù sábà máa ń jẹ́ ìlù tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan, tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan. Láti mú un sọ̀rọ̀, pitch bend ni ọwọ́ òsì yóò fi ṣe iṣẹ́ tí onílù ń fi ọṣán ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti plugin bá wíìlì yìí dé láti ilé-iṣẹ́ kò ju semitone méjì sókè, méjì sódò (semitone kan ni ìgbésẹ̀ láti dùrù kan sí èyí tó kàn án gan-an). Onílù tó mọṣẹ́ kàn máa ń rìn jìnnà ju ìyẹn lọ nígbà tó bá fún ọṣán mọ́ra. Nítorí náà, ẹ lọ sínú plugin, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ pitch bend range sí, ẹ gbé e lọ sí 5, 7, tàbí 12, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́kọ́ọ̀dù.

Mo ní kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdí kan tó máa ń ru èèyàn lójú. Ohun tí sọ́fítíwíà gbà sílẹ̀ ni ibi tí wíìlì dé. Kò gba semitone kankan sílẹ̀. Tí ẹ bá fi range 2 rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ẹ wá yí i sí 12 lẹ́yìn náà, ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò ní yí padà rárá, ṣùgbọ́n gbogbo fífà tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́fà. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lánàá á wá di ohun tó ń hu bí ajá. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, range ibẹ̀ wà ní 2, ìlù yín bá di ẹni tó ń ráhùn lábẹ́ ẹnu.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi wíìlì lu dùndún ni àkókò tí ẹ tú wíìlì sílẹ̀. Ìlù kò kú lọ́gán tí a lù ú. Ìró rẹ̀ ń tẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀. Tí ẹ bá fà á sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, tí ẹ sì tú u kíákíá, ìró tó kù á yọ́ padà sókè sí ohùn àárín, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á sì mọ̀ pé ohun tí ẹ ní lọ́kàn kọ́ ni ìlù sọ. Ẹ ṣí ìlà pitch bend nínú editor, ẹ fa àwọn àmì tó gbé e padà sí àárín sápá ọ̀tún díẹ̀, kí wọ́n bọ́ sí ibi tí ìró ti kú tàbí ibi tí lílù tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, òun ló sì ń ya dùndún orí kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn ń pariwo.

Ó yá, níbo ni gbogbo ìròyìn wọ̀nyí ń wọlé sí? Ìbéèrè yìí ni olórí ìdàrúdàpọ̀, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì.

Ibì kìíní ni inú àpò tí nóòtì wà fúnra rẹ̀. Nínú àwọn sọ́fítíwíà orin, Cubase ń pè é ní part, Logic ní region, Ableton Live ní clip, FL Studio ní pattern. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí nóòtì lókè, ẹ ó sì rí ìlà controller nísàlẹ̀. Níbẹ̀, CC 11 tàbí pitch bend wà pa pọ̀ pẹ̀lú nóòtì tí wọ́n jọ wáyé. Tí ẹ bá dà á kọ sí ibòmíràn nínú orin, CC á bá a lọ. Tí ẹ bá pa á rẹ́, ó bá a pa rẹ́.

Ibì kejì ni automation, ìyẹn ìlà tí sọ́fítíwíà fi ń dá yí nọ́ọ̀bù tàbí fédà. Èyí kò gbé nínú àpò nóòtì. Ara track (ààyè ohun-èlò kan nínú orin), tàbí orí ìlà tirẹ̀ nínú orin, ló dúró sí, ó sì ń darí fédà mixer, ibi tí a ti ń po gbogbo ohùn pọ̀, tàbí nọ́ọ̀bù inú plugin ní tààrà láìgba ọ̀nà MIDI. Kì í ka 127 kankan. Ìlà tó ń yọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi sàn fún ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú àtòpọ̀ orin, bíi mímú ohùn kan kúrò díẹ̀díẹ̀ níparí.

Wàhálà dé nígbà tí méjèèjì bá ń darí nǹkan kan náà. CC 7 tó wà nínú part ń sọ fún plugin pé kó lọ sí 50, automation tó wà lórí fọ́lúùmù plugin yẹn ń sọ pé kó lọ sí òkè. Awakọ̀ méjì ló di sítíárìn kan mú: ọkọ̀ á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò sì ní mọ ẹni tó yẹ kó bá wí. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí nọ́ọ̀bù tó ń gbọ̀n. Ẹ ó pa ìlà automation rẹ́, kò ní dúró, nítorí pé inú part ni èkejì wà. Ẹ ó yẹ inú part wò, ẹ ò ní rí nǹkan kan, nítorí pé ìlà tí ẹ ṣí síbẹ̀ jẹ́ ti velocity, ìyẹn bí ọwọ́ ṣe le tó. Ìlà CC 7 wà níbẹ̀, ẹ kàn ní láti yàn án kẹ́ ẹ tó rí i ni. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà máa ń fi àmì sí iwájú orúkọ controller tó ní nǹkan nínú. Ẹ wá àmì yẹn kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Cubase nìkan ni mo mọ̀ tó gbà gbangba pé ìjà yìí wà tó sì ṣe ojú-ewé odidi kan fún un. Níbẹ̀, ẹ lè sọ ibi tí CC tẹ́ ẹ bá rẹ́kọ́ọ̀dù máa wọlé sí, nínú part ni àbí orí automation track, ẹ sì lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pàdé: kí ọ̀kan gba ipò èkejì, kí a pín wọn sí àárín, tàbí kí ọ̀kan máa tẹ èkejì sókè sódò. Àwọn tó kù ní kẹ́ ẹ fojú ara yín ṣọ́ ọ.

FL Studio, tí àwọn producer ilẹ̀ wa fẹ́ràn jù, ní ìwà tirẹ̀. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ́kọ́ọ̀dù, ó máa ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀: ohùn, nóòtì pẹ̀lú automation, tàbí gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń tẹ èyí tó bá wà lójú láìkà á. Tí automation bá wà nínú ohun tí ẹ yàn, gbogbo nọ́ọ̀bù tí ẹ fọwọ́ kàn nígbà tí orin ń lọ, ì báà jẹ́ máòsì lẹ fi yí i, á wọlé, ó sì sábà máa ń wọ inú pattern tó wà lójú ní àkókò náà. Ẹni tó bá ń wá a lórí playlist, ìyẹn ojú-ewé tí wọ́n ti ń to odidi orin, ò ní rí i láéláé. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kẹ́ ẹ tẹ nọ́ọ̀bù náà ní right-click, kẹ́ ẹ yan Edit events. Ohun tó ń yí i á fara hàn. Tí ẹ bá pa á rẹ́, iṣẹ́ ṣì kù kan: nọ́ọ̀bù á dúró síbi tó bá ara rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ gbé e sí ibi tó yẹ, ẹ tún tẹ right-click, ẹ yan Init song with this position, kí orin lè máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti rírẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kejì lórí ti àkọ́kọ́. Fún nóòtì, a sábà fẹ́ kó dàpọ̀: ọwọ́ òsì lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn náà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà fi wà lórí àdàpọ̀, ìyẹn merge tàbí overdub. Ṣùgbọ́n CC kò ṣe é dàpọ̀. Ká ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ gbé mod wheel láti 20 dé 90. Kò wù yín, ẹ tún un ṣe, ẹ wá gbé e láti 20 dé 40. Sọ́fítíwíà fi tuntun há àárín ti tẹ́lẹ̀: 85, 38, 87, 39, 90, 40. Ohùn á máa fò bí ẹni tí iná mànàmáná gbé, ìlà náà á sì rí bí eyín ayùn. Ẹ má wulẹ̀ fi máòsì tún un ṣe. Ẹ yan gbogbo àmì CC yẹn, ẹ pa wọ́n rẹ́, kẹ́ ẹ tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ yí ọ̀nà ìrẹ́kọ́ọ̀dù sí replace. Sọ́fítíwíà Reaper ní èyí tó dára jù lójú mi, touch-replace, tó máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ níbi tí ọwọ́ bá ti fi kan controller nìkan, tó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Pẹ́dà sustain ló ń kó àwọn atẹdùrù ìjọ sí wàhálà jù. CC 64 kò ní sókè sódò púpọ̀ lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ: láti 0 dé 63 ni ẹsẹ̀ kúrò, láti 64 dé 127 ni ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ pẹ́dà, 127 lọ. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, 0 lọ. Ìròyìn kejì yìí ni ẹ̀mí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá dá rẹ́kọ́ọ̀dù dúró kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀, tàbí tí ẹ bá gé clip sí méjì níbi tí pẹ́dà ṣì wà nílẹ̀, 0 yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Plugin ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kúrò. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á máa rọ́ lu ara wọn títí orin á fi di ariwo. Bọ́tìnì panic, tó ń pa gbogbo ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, wà fún un; nínú FL Studio, Ctrl pẹ̀lú H ni. Ṣùgbọ́n panic kò wo àrùn náà sàn. Ẹ lọ sí ìlà CC 64, ẹ kọ 0 síbi tí clip ti parí. Ìdí nìyí tí 123, tó yẹ kó pa gbogbo nóòtì, kì í fi tó nígbà mìíràn: ó ń bọ̀wọ̀ fún pẹ́dà. 123 nìkan kò lè pa nóòtì tí pẹ́dà dì mú títí 64 á fi di 0.

Tí pẹ́dà yín bá wá ń ṣiṣẹ́ lódìkejì, tí ohùn ń fà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, ẹ má tíì bú sọ́fítíwíà. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń wo ipò pẹ́dà lásìkò tí wọ́n bá ń tàn, kí wọ́n lè mọ irú pẹ́dà tó jẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá wà lórí rẹ̀ nígbà náà, wọ́n á kà á sódì. Ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ tún un tàn.

Ohun kan tó fara pẹ́ ìyẹn ni ti bíbẹ̀rẹ̀ orin láti àárín. CC máa ń wà níbi tó gbẹ̀yìn sí títí ẹnìkan á fi yí i. Tí CC 11 bá sọ̀ kalẹ̀ sí 30 ní ìparí orin, tí ẹ padà sí àárín kẹ́ ẹ gbọ́ apá kan, plugin ṣì wà ní 30. Sọ́fítíwíà tó bá ń ṣe chase á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, á wá iye tó kẹ́yìn ṣáájú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́. Tí chase bá wà ní pípa, ẹ ó máa gbọ́ orin kan náà lónírúurú ọ̀nà láìyí nǹkan kan padà. Ẹ tàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi CC sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo track: 7 ní 100, 11 ní 127, 64 ní 0, mod wheel ní 0, pitch bend ní àárín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Nọ́ọ̀bù kíbọ́ọ̀dù tún lè fò. Èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà wà ní 100, èyí tó wà lọ́wọ́ yín wà ní 10 láti ìlò àná. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án díẹ̀, orin á já láti 100 sí 11 lẹ́ẹ̀kan náà, ìjábọ́ yẹn á sì wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Pickup, tí àwọn kan ń pè ní takeover, ni ẹ máa tàn: nọ́ọ̀bù ò ní ṣe nǹkan kan títí ọwọ́ yín á fi gbé e kọjá ibi tí ti ojú kọ̀ǹpútà wà.

Ẹ lè ti gbọ́ pé CC ń mú MIDI falẹ̀. Òótọ́ ni, fún wáyà àtijọ́ oníhò márùn-ún. Bit 31,250 ló ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìròyìn CC kan sì ń gba bíi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó kọjá. Tí ẹ bá fi wáyà kan darí kíbọ́ọ̀dù mélòó kan, tí wíìlì àti aftertouch (bí ọwọ́ ṣe ń tẹ dùrù mọ́lẹ̀ sí i lẹ́yìn tó ti dún) ń ṣàn lórí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, nóòtì á máa dúró sẹ́yìn lórí ìlà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ohun tó ń yọ àmì CC tó pọ̀ jù kúrò, tí wọ́n ń pè ní thin. Fún plugin inú kọ̀ǹpútà, kò sí wáyà náà láàárín. Ẹ má wulẹ̀ yọ nǹkan kan kúrò, àfi tí ojú yín bá fẹ́ ìlà tó mọ́ tónítóní láti fi máòsì tún ṣe.

Quantize, ìyẹn kí sọ́fítíwíà ti nóòtì sí àkókò rẹ̀ gan-an, ní tirẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ máa fojú sí. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, nóòtì nìkan ló ń tì sórí ìlà, CC á sì dúró síbi tó wà. Nóòtì tí ẹ tẹ̀ lẹ́yìn báà á sún síwájú. Pẹ́dà tó yẹ kó bá a rìn á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, á wá di pé ohùn kọ́ọ̀dù àtijọ́ ń bo tuntun mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíńtín. Tí quantize yín bá mú kí dùrù dún dọ̀tí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wo CC 64 kẹ́ ẹ tó wo nóòtì.

MIDI 2.0 tó jáde ní 2020 ti fún controller ní bit 32 dípò 7, àtẹ̀gùn inú ohùn á sì parẹ́ níbi tí gbogbo ẹ̀rọ bá ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tó wà lọ́jà àti nínú ilé ìjọsìn wa ṣì ń sọ èdè 1983, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ó ku ti fífi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú orin wọn sí fáìlì .mid, wọ́n fi ṣọwọ́ sí ẹlẹgbẹ́ wọn ní London tàbí Ìbàdàn, ẹni yẹn sì pe wọ́n pé nóòtì dé, ṣùgbọ́n ẹ̀mí orin kò dé. Inú fáìlì .mid, nóòtì, CC, pitch bend àti aftertouch ló ń wọlé; automation tó ń darí nọ́ọ̀bù plugin kì í bá wọn lọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé iṣẹ́ máa kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi CC ṣe ohun tí CC lè ṣe, ẹ sì fi automation sílẹ̀ fún mixer. Ẹ kọ pitch bend range àti orúkọ plugin sínú orúkọ fáìlì náà, kẹ́ ẹ sì fi WAV, ìyẹn fáìlì ohùn gan-an, ti track kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń gbà á lè fi etí ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó jáde lọ́dọ̀ òun ni ohun tí ẹ ṣe.